Ìtàn Ìgbésí Ayé Alvin Ailey, Ọ̀gá Oníjó

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́, bí ẹnìkan bá ti sọ fún mi ní ọdún tí ó kọjá pé èmi ni n ó kọ ìtàn oníjó sínú ìwé ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́ wa, n kò ní gbà á gbọ́. Ní ilé tí a ti tọ́ mi dàgbà, ijó wà fún ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìdúpẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí ó bá ń jó ní ọjọ́ iṣẹ́, ọ̀lẹ ni. Èrò yìí ni mo gbé lọ sí abúlé tí wọ́n rán mi lọ láti fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ tábìlì. Bí a bá ń ka ìṣirò lórin, èjìká rẹ̀ ni yóò máa fi gbè é. Ní ọjọ́ kan mo mú un kúnlẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mo sì sọ fún un pé ẹsẹ̀ tí kò lè simi kò lè gbé ènìyàn dé ibi kankan. Láti ọjọ́ náà títí mo fi kúrò ní abúlé náà, ọmọ yìí jókòó jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè kan mọ́.

Lẹ́yìn tí mo padà dé, ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa kó wa jọ sí gbọ̀ngàn níwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Ó fẹ́ kí a wo ijó oríṣi mẹ́ta tí wọ́n ti gbé jáde lórí tẹlifíṣàn ní ilẹ̀ òkèèrè: ijó ballet ti àwọn ará Yúróòpù, ijó orin jazz, àti ijó ìgbàlódé tí ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan ṣètò rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti pọ̀ tó ní Òkè Ọya níhìn-ín: ọmọ Gánà wà, ọmọ Sàró wà, ọmọ Gáḿbíà, ọmọ Kamẹrúùnù, ọmọ Bẹ̀nẹ̀, àti àwa ọmọ Nàìjíríà. A ń sọ̀rọ̀, a sì ń rẹ́rìn-ín títí ó fi di orí ẹ̀kẹta. Nígbà tí àwọn obìnrin jáde, tí wọ́n gbé abẹ̀bẹ̀ àti àpótí ìjókòó dání, tí wọ́n sì ń bá ara wọn wí bí àwọn ìyá ìjọ ti í ṣe, ọmọ Sàró kan kígbe pé ṣọ́ọ̀ṣì ìyá ìyá òun nìyẹn. Ọmọ Kamẹrúùnù kan ní irọ́ ni, ti ìlú òun ni. Ní tèmi, ìyá mi ni mo rí níbẹ̀ ní ọjọ́ ìkórè. Ẹni tí ó ṣètò ijó náà ti kú ní ọdún 1989, kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Mo béèrè orúkọ rẹ̀, wọ́n ní Alvin Ailey ni. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ìtàn rẹ̀ kà.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 1931, ni a bí Alvin Ailey ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Rogers, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 17 ni ìyá rẹ̀, Lula, nígbà náà. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún kan tí baba rẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Àkókò ìnira ni àkókò náà ní Amẹ́ríkà: iṣẹ́ kò sí, owó òwú ti wálẹ̀, òfin sì ya ènìyàn dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun ní ilé-ẹ̀kọ́, nínú ọkọ̀ àti ní ilé eré. Lula ń gbé ọmọ rẹ̀ kiri láti ìlú dé ìlú, níbi tí ó bá ti rí òwú já tàbí ilé tí yóò bá ẹlòmíràn tọ́jú. Alvin fúnra rẹ̀ já òwú nígbà tí ó wà ní kékeré.

Ohun méjì ni ọmọ tálákà yìí rí ní Texas tí kò gbàgbé títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Èkíní ni ilé ọtí tí àwọn àgbà ti ń jó ní alẹ́ Sátidé, tí wọ́n ń fi orin ìbànújẹ́ tí a ń pè ní blues ṣe ìrántí ìyà ọ̀sẹ̀. Èkejì ni ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Onítẹ̀bọmi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, níbi tí ó ti rí àwọn ènìyàn kan náà nínú aṣọ funfun, tí wọ́n ń lọ sínú omi fún ìtẹ̀bọmi. Àwọn Yorùbá a máa wí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹrù méjì yìí ni Alvin kó kúrò ní ilé. Kò ní òmíràn.

Ní ọdún 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìyá rẹ̀ lọ wá iṣẹ́ sí ìlú Los Angeles, ó sì rí i ní ilé-iṣẹ́ tí a ti ń ṣe ọkọ̀ òfurufú. Alvin bá a lọ síbẹ̀. Ọmọ tí ó sígbọnlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ojú a máa tì í. Ó fẹ́ràn ìwé kíkà àti èdè àwọn ẹlòmíràn. Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ẹ fi ara balẹ̀ ka èyí tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n kó kíláàsì rẹ̀ lọ wo ẹgbẹ́ oníjó ballet kan, Ballet Russe de Monte Carlo. Ìrìn-àjò ọjọ́ kan péré ni, irú èyí tí olùkọ́ lè ṣètò kí ó sì gbàgbé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọmọ yìí ti mọ̀ pé ènìyàn lè fi ara sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ.

Síbẹ̀, kò rí ènìyàn dúdú kankan láàárín àwọn oníjó náà. Lẹ́yìn èyí ni ó wo ẹgbẹ́ Katherine Dunham, obìnrin dúdú ọ̀mọ̀wé tí ó ti lọ sí Jàmáíkà àti Haiti láti kọ́ nípa ijó àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó wà níbẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ Dunham ni ó ti rí i pé àwọ̀ tirẹ̀ náà lè dúró lórí ìtàgé pẹ̀lú ọlá. Ní ọdún 1949, Carmen de Lavallade, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, mú un lọ sí ọ̀dọ̀ Lester Horton, aláwọ̀ funfun tí ń kọ́ni ní ijó. Lákòókò tí àwọn mìíràn ń ti ènìyàn dúdú sẹ́yìn, Horton gba ẹni gbogbo sí kíláàsì kan náà láìwo àwọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni Alvin kọ́kọ́ ń dúró sí tí ó ń wò wọ́n. Ó wá, ó lọ, ó lọ kọ́ èdè ní yunifásítì, ó sì tún padà. Ní ọdún 1953 Horton kú lójijì. Alvin, ẹni ọdún 22, ni ó gba ìdarí ẹgbẹ́ náà, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ijó fún wọn.

Ní ọdún 1954, òun àti Carmen lọ sí New York láti jó nínú eré kan tí ń jẹ́ House of Flowers. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ sí i lọ́dọ̀ àwọn àgbà oníjó ìlú náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1958, ó kó àwọn oníjó dúdú díẹ̀ jọ, wọ́n sì jó fún ìgbà àkọ́kọ́ ní gbọ̀ngàn kan ní New York. Owó kò sí, ṣùgbọ́n ẹrù Texas wà. Ilé ọtí alẹ́ Sátidé ni ó kọ́kọ́ tú sílẹ̀, ó sì pe ijó náà ní Blues Suite. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 1960, ó tú ẹrù kejì: ó pe èyí ní Revelations, tí ó túmọ̀ sí Ìfihàn. Orin àwọn ẹrú àti orin ṣọ́ọ̀ṣì ni ó fi ṣe é. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn oníjó kóra jọ ní aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sókè bí ẹni tí ẹrù wà lọ́rùn rẹ̀. Ní àárín, aṣọ gígùn aláwọ̀ omi di odò, agbòòrùn funfun sì bo àwọn tí ń lọ ṣe ìtẹ̀bọmi. Ní ìparí ni àwọn ìyá ìjọ tí a rí lálẹ́ ọjọ́ náà jáde pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ wọn.

Ní ọdún 1962, iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán CBS gbé Revelations jáde nínú ètò ìsìn tí wọ́n máa ń fi hàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ilé eré ní gúúsù Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí dúdú àti funfun jókòó pọ̀. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣàn kò ní ẹnu ọ̀nà tí a lè fi aṣọ́nà sí. Ìyá tí kò lówó tíkẹ́ẹ̀tì lè wò ó nínú ilé rẹ̀. N kò sọ pé tẹlifíṣàn kò gba nǹkan lọ́wọ́ ijó. Àwòrán ìgbà náà kò ní àwọ̀, nítorí náà odò kò dúdú bí aró, aṣọ ìyeyè kò sì pọ́n. Bí kámẹ́rà bá sún mọ́ ojú, ẹsẹ̀ a sọnù. Bí ó bá jìnnà, oníjó a kéré bí èèrà. Síbẹ̀, ohun tí ó kù tó láti mú gbọ̀ngàn wa dákẹ́ rọ́rọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún.

Ailey kò fi ọ̀nà kan ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó mú ẹsẹ̀ gígùn ti ballet, ó mú ẹ̀yìn títẹ́jú tí Horton kọ́ ọ, ó mú ìbàdí jazz, ó sì pò wọ́n pọ̀. Orin Duke Ellington, àgbà olórin jazz, ni ó fi ṣètò The River fún ẹgbẹ́ ballet ńlá kan ní ọdún 1970. Ní ọdún 1974, ọdún tí Ellington kú, CBS gbé ètò kan jáde fún àwọn ọ̀dọ́, nínú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ oníjó tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ailey fi ijó ṣe àpọ́nlé olórin náà. Nígbà tí ó ṣe, ó gba oníjó funfun àti ará Éṣíà sínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Inú àwọn kan kò dùn sí i, ṣùgbọ́n kò yí ọkàn padà, nítorí ní kíláàsì Horton, a kò ti òun náà sẹ́yìn.

Ó dé ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú. Ní oṣù Igbe, ọdún 1966, nígbà tí Ààrẹ Senghor pe gbogbo ènìyàn dúdú àgbáyé sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà ní Dakar, ẹgbẹ́ Ailey jó níbẹ̀. Ní ọdún 1967 wọ́n tún padà wá, wọ́n sì rìn yí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà ká. Ní ọdún 1970 wọ́n lọ sí Rọ́ṣíà, ilẹ̀ tí ballet ti jinlẹ̀ jùlọ, àwọn ará ibẹ̀ sì pàtẹ́wọ́ fún wọn títí ọwọ́ fi dùn wọ́n.

Ní ọdún 1971 ó fẹ́ fún ìyá rẹ̀ ní ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí. Kò ra aṣọ, kò ra wúrà. Ijó ni ó ṣe, tí ó pè ní Cry, tí í ṣe Ẹkún. Obìnrin kan ṣoṣo, Judith Jamison, ni ó jó o fún ìṣẹ́jú bí 16. Aṣọ funfun gígùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀: ó fi nu ilẹ̀, ó fi borùn, ó sì wé e mọ́ra bí ọlọ́lá. Lula, tí ó ti bá ẹlòmíràn nu ilẹ̀ rí, ni a ṣe é fún.

Ọ̀nà rẹ̀ kò tẹ́jú títí. Owó a máa tán, ó sì tó ìgbà tí ó fẹ́ tú ẹgbẹ́ náà ká. Ní ọdún 1980 àìsàn ọkàn gbé e dé ilé ìwòsàn. Ó gbádùn, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún 1988 wọ́n bu ọlá fún un ní Washington. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1989, ó kú ní New York, ẹni ọdún 58. Àrùn éèdì ni ó pa á, ṣùgbọ́n ó ti bẹ dókítà rẹ̀ kí ó má sọ ọ́, kí ìtìjú má bàa bá ìyá rẹ̀. Ìyá náà wà láàyè nígbà tí wọ́n ń sin ọmọ rẹ̀. Iṣẹ́ ijó 79 ni ó ṣètò. Jamison gba ìdarí ẹgbẹ́ náà, ẹgbẹ́ náà sì wà títí di òní. Ní ọdún ikú rẹ̀ gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ibùdó ìsinmi kan fún àwọn ọmọ tálákà ní ìlú Kansas City, níbi tí a ti ń fi ijó kọ́ wọn láti gbẹ́kẹ̀ lé ara wọn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí mo ka ìtàn yìí tán, kì í ṣe New York ni ọkàn mi lọ, abúlé tí mo ti kọ́ni ni. Mo rò ó bí ìbá ti rí bí ó bá jẹ́ èmi ni olùkọ́ Alvin ní Los Angeles. Èmi ìbá ti mú un jókòó jẹ́ẹ́. Olùkọ́ kan ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ ní ọjọ́ kan, ayé sì gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé. Olùkọ́ mìíràn ti ilẹ̀kùn ní ọjọ́ kan, kò sì sí ẹni tí yóò mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ti bẹ àwọn aláṣẹ wa pé kí wọ́n dá mi padà sí abúlé náà ní sáà tí ń bọ̀. Níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ti dójú ti ọmọ yẹn. Níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ni n ó ti bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, a ó ka ìṣirò lórin, n ó sì ní kí ó dìde, kí ó wá síwájú, kí ó fi ẹsẹ̀ darí wa.