Kwame Nkrumah, Olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Àlùfáà Tí Ó Fi Ìjọ Sílẹ̀



Ìtàn àwọn ẹni mímọ́ ni ẹ sábà máa ń kà lójú ìwé yìí. Ti ọ̀sẹ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún yín jẹ́ ọmọ Ìjọ Àgùdà láti kékeré. Ó ṣiṣẹ́ níbi pẹpẹ, ó kọ́ àwọn tí yóò di àlùfáà ní ẹ̀kọ́, òun pàápàá sì gbèrò láti di àlùfáà. Síbẹ̀ ó kúrò nínú Ìjọ, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé láìfi bò. Kwame Nkrumah ni, ẹni tí ó di olórí àkọ́kọ́ fún orílẹ̀-èdè Gánà. Mo yàn án nítorí ọ̀rọ̀ kan tí àwọn òbí ń bá mi sọ léraléra lẹ́yìn Mísà, ìbáà ṣe ní Ìgbò-Ọrà tàbí ní Èrúwà: pé ọmọ àwọn tí ó lọ kàwé ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó wálé fún ọdún Kérésìmesì, ó sì kọ̀ láti bá wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ẹ̀tàn àwọn Òyìnbó ni gbogbo rẹ̀. Òbí a bú ọmọ, ọmọ a dákẹ́, ọ̀rọ̀ a sì kú síbẹ̀. Kò yẹ kí ó kú síbẹ̀. Ohun tí ọmọ náà ń wí kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ọkùnrin yìí ti wí i ṣáájú rẹ̀; ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti rí fún un.

Nkroful ni wọ́n bí i sí, abúlé kékeré kan ní ilẹ̀ Nzema, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Gold Coast nígbà náà. Kò sí ẹni tí ó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀. Àlùfáà tí ó ṣe ìrìbọmi fún un ni ó fojú díwọ̀n án, tí ó kọ ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1909 sínú ìwé Ìjọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí ní ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń sọ ní Kwame níbẹ̀, nítorí náà ọjọ́ 18, tí í ṣe Sátidé, ni òun fúnra rẹ̀ mú. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni bàbá rẹ̀, aláya púpọ̀. Ìyá rẹ̀, Nyaniba, ń ta ọjà wẹ́wẹ́. Ìyá yìí ni ó kọ́kọ́ di ọmọ Ìjọ Àgùdà, nípasẹ̀ òun àti àlùfáà ọmọ Jámánì kan, Fadá George Fischer, ni a sì fi ṣe ìrìbọmi fún ọmọ náà. Francis ni orúkọ tí ó gbà. Fadá Fischer fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ inú ara rẹ̀, ó sì gbé ẹrù ẹ̀kọ́ rẹ̀ kúrò lórí àwọn òbí rẹ̀. Ọmọ náà kì í pa Mísà jẹ, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbi pẹpẹ. Ẹ má ṣe gbàgbé ìyá yìí àti àlùfáà yìí, nítorí a ó tún padà sọ́dọ̀ wọn.

Ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Accra àti ní Achimota. Níbẹ̀ ni ó ti bá James Aggrey pàdé, ọ̀mọ̀wé ọmọ Gold Coast tí ó jẹ́ igbákejì olórí ilé-ẹ̀kọ́ náà, ẹni tí ó jí ìfẹ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú sí i lọ́kàn, tí ikú sì mú lọ ní ọdún 1927. Nígbà tí Nkrumah jáde ní ọdún 1930, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọ wa ni ó ti ṣiṣẹ́: ní Elmina ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Axim gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá, lẹ́yìn náà ní Amissano, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tí ó fẹ́ di àlùfáà, nínú èyí tí òun ti jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí a fi ṣe olùkọ́. Ní Amissano, ìtara ìsìn gbà á lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gbèrò láti wọ ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà Jesuit. Fún nǹkan bí ọdún kan ni èrò yìí fi wà lọ́kàn rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti dé Elmina yóò mọ ohun tí ó wà létí òkun níbẹ̀. Ilé olódi funfun ńlá kan ni, tí àwọn Potogí kọ́ ní ọdún 1482 nítorí wúrà. Kò pẹ́ tí òwò ẹrú fi wọ inú rẹ̀, nígbà tí àwọn Hóláńdì sì gbà á ní ọdún 1637, ẹrú di ọjà pàtàkì níbẹ̀. Nínú àgbàlá rẹ̀ ni àwọn Potogí kọ́ ilé ìjọsìn sí, kò sì jìnnà sí àwọn yàrá òkùnkùn tí a há ènìyàn mọ́. Àwọn Fadá méjì ti ẹgbẹ́ SMA, Auguste Moreau àti Eugène Murat, ni ó tún iná ìgbàgbọ́ dá ní ìlú náà ní ọdún 1880. Ẹgbẹ́ kan náà ni ó mú ìgbàgbọ́ wá sí Èkó àti sí ilẹ̀ Yorùbá. Èmi kò sọ pé ilé olódi yìí ni ó lé Nkrumah jáde nínú Ìjọ. Ohun tí mo ń wí ni pé ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní kátikísìmù ní abẹ́ òjìji irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ó sì ní làákàyè, kò lè ṣàì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, Nnamdi Azikiwe, ọmọ Nàìjíríà tí ó di Ààrẹ wa lẹ́yìn náà, dé sí Accra láti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn African Morning Post. Nkrumah gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lára. Ní ọdún 1936, ìwé ìròyìn náà gbé àròkọ kan jáde láti ọwọ́ I. T. A. Wallace-Johnson, ọmọ Sẹ̀ràlíóònù, tí ó ń béèrè bóyá ọmọ Áfíríkà ní Ọlọ́run, tí ó sì wí pé ẹ̀tàn ni orúkọ ọlọ́run tí àwọn Òyìnbó ń wàásù rẹ̀ fún wa. Ìjọba fa àwọn méjèèjì lọ sí kóòtù. Azikiwe jẹ̀bi, kí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1937. Ẹ̀yin rí i pé ọ̀rọ̀ tí ọmọ yín mú wálé nígbà Kérésìmesì ti dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ.

Nkrumah kò sí nílé nígbà tí àròkọ náà jáde. Ó ti pa èrò àti di àlùfáà tì. Ó fara pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó láti wá owó lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan, ó sì gba ọ̀nà Amẹ́ríkà lọ ní ọdún 1935. Bí ó ti ń kọjá ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó rí i lára pátákó àwọn oníwèé ìròyìn pé Mussolini ti kọlu Etiópíà. Ó kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ṣe ni ó dà bí ẹni pé gbogbo Lọ́ńdọ̀nù dìde ogun sí òun tìkára òun. Ẹ rò ó wò: orílẹ̀-èdè tí Póòpù ń gbé àárín rẹ̀ ni ó ń ju bọ́ǹbù sórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó ti gba Krístì, àwọn bíṣọ́ọ̀bù kan ní Ítálì sì ń yin ogun náà. Ta ni yóò dá ọ̀dọ́mọkùnrin náà lẹ́bi pé inú bí i?

Ṣùgbọ́n ìdáhùn pàápàá wà nínú ìròyìn yẹn. Etiópíà tí wọ́n ń jà lógun ti mọ Krístì láti nǹkan bí ọdún 330 sí 350, ní ayé ọba Ezana, nígbà tí Frumentius jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó jọba lé wa lórí kò rí oníwàásù láti Róòmù títí di ọdún 597. Ẹni tí ó bá wí pé ẹ̀sìn Òyìnbó ni ẹ̀sìn Krístì kò tíì ka ìtàn tán.

Ní Amẹ́ríkà, ó kàwé ní Lincoln University, ó ta ẹja, ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, ebi sì pa á. Ó gba oyè ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní ọdún 1942, ó sì ń wàásù nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ dúdú. Nítorí náà kì í ṣe aláìmọ̀kan ni ó ń bá Ìjọ jiyàn. Iyàn méjì ni ó mú wá, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ wọn bí ó ti wí wọn.

Àkọ́kọ́ wà nínú ìwé kékeré kan tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní ọdún 1942. Ó ní àwọn míṣọ́nnárì ń kọ́ wa pé kí á to ìṣúra jọ sí ọ̀run, nígbà tí àwọn oníṣòwò àti àwọn aláṣẹ ń kó wúrà àti ilẹ̀ wa lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé irọ́ ni èyí. Ní ọdún 1452, Póòpù Nicholas Karùn-ún fi ìwé fún ọba Potogí ní àṣẹ láti sọ àwọn kèfèrí di ẹrú. Òtítọ́ ni pẹ̀lú pé Póòpù Gregory Kẹrìndínlógún fi òwò ẹrú bú ní ọdún 1839, pé Póòpù John Paul Kejì dúró ní erékùṣù Gorée ní ọdún 1992, ó tọrọ ìdáríjì, àti pé ní ọdún 2023 Róòmù kọ irú ìwé àtijọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba. Ó pẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé òfin Krístì kan náà ni a fi dá àwọn tí ó ṣe ibi ní orúkọ rẹ̀ lẹ́bi. Bí ọjà bá pọ̀ lọ́wọ́ ayédèrú, kò sọ pé ojúlówó kò sí. Èyí ni kí ẹ sọ fún ọmọ yín. Ẹ má ṣe bú u.

Iyàn kejì jinlẹ̀ jù ú lọ, nítorí ọkàn rẹ̀ ni ó ti wá. Nínú ìtàn ayé rẹ̀ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1957, ó ní bí òun ti ń dàgbà ni òfin líle Ìjọ wa ń fún òun lọ́rùn. Pé òun kò dẹ́kun láti gba Ọlọ́run gbọ́, ṣùgbọ́n Ọlọ́run òun jẹ́ ti òun, òun kò sì fẹ́ ẹni kẹta láàárín òun àti rẹ̀. Ó pe ara rẹ̀ ní Kristẹni tí kò sí nínú ìjọ kankan, àti ọmọlẹ́yìn Marx, ó sì ní òun kò rí ìjà láàárín méjèèjì. Àwọn bàbá wa náà mọ irú ọ̀rọ̀ yìí: bí ìyàwó bá mọjú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀ bá.

Àlùfáà ni mí, ẹ ó sì wí pé mo ń gbèjà iṣẹ́ ara mi. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ orúkọ Ọlọ́run sí Nkrumah létí ní àkọ́kọ́? Ìyá kan tí ń ta ọjà wẹ́wẹ́ ni, àti àlejò kan láti Jámánì tí ó ń bójú tó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹni kẹta ni àwọn méjèèjì. Kò sí ẹni tí ó ṣe ìrìbọmi fún ara rẹ̀. Krístì nìkan ni Alárinà, ọwọ́ ènìyàn ni ó sì yàn láti fi máa bù fún wa.

Ìyókù ìtàn náà, púpọ̀ nínú yín ni ó mọ̀ ọ́n. Ó padà sílé ní ọdún 1947, ó dá ẹgbẹ́ CPP sílẹ̀ ní 1949, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tì í mọ́lé ní 1950, ìbò sì mú un jáde ní oṣù Kejì 1951. Wọ́n pa àgùntàn fún ètùtù ní ọjọ́ náà, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Gánà gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1957. Àwọn àgbà wa sọ pé ayọ̀ ọjọ́ náà dé ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, mo sì gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni ọkùnrin náà ṣe.

Ṣùgbọ́n ó ti mú àṣẹ Olúwa wa, pé kí á kọ́kọ́ wá ìjọba Ọlọ́run, ó sì fi ìjọba ti òṣèlú rọ́pò rẹ̀. A sì kọ ọ́ sára ère rẹ̀ níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Accra. Nínú ẹgbẹ́ Young Pioneers, tí ó dá sílẹ̀ ní ọdún 1960, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé láti máa wí pé Nkrumah kì í ṣàṣìṣe, pé Nkrumah kì í kú. Ẹni tí kò fẹ́ ẹni kẹta láàárín òun àti Ọlọ́run gbà kí a fi òun sí àárín Ọlọ́run àti ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí Richard Roseveare, bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Áńgílíkà ní Accra, bá a wí ní ọdún 1962, wọ́n lé e kúrò ní ìlú, kí wọ́n tó gbà á padà lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Amòfin J. B. Danquah, tí ó ti kọ ìwé lórí bí àwọn Akan ti mọ Ọlọ́run, kú sínú ẹ̀wọ̀n ní Nsawam ní oṣù Kejì 1965, láìjẹ́ pé ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì 1966, bí Nkrumah ti wà ní ìrìn-àjò sí Ṣáínà, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn sì wó ère rẹ̀ lulẹ̀. Kò tún fi ojú rí Gánà mọ́. Conakry, ní orílẹ̀-èdè Gínì, ni ó ń gbé, àìsàn jẹjẹrẹ sì pa á ní Bucharest, ní ilẹ̀ Romania, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin 1972. Èmi kì í ṣe onídàájọ́ ọkàn rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí Conakry. Ní oṣù Keje ọdún náà wọ́n gbé òkú rẹ̀ dé Nkroful, níbi tí ó wà títí di ọdún 1992 kí wọ́n tó gbé e lọ sí Accra. Nyaniba, ìyá rẹ̀, ṣì wà láàyè nígbà tí wọ́n gbé e délé. Francis ni orúkọ ìrìbọmi rẹ̀, fún ẹni tí ó bá fẹ́ rántí rẹ̀ nínú àdúrà fún àwọn òkú.