Nígbà tí dókítà bá di ọ̀gá: ẹ jẹ́ ká wo Lambo ní Àrò

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì wa yìí, agbára káká ni ọjọ́ kan fi máa kọjá kí n má rí ẹni tó ń sọ fún ẹlòmíì pé kí wọ́n tètè máa gbé e lọ sí Àrò. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, Àrò. Ẹni tó ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù òun ló máa gba ife lọ́dún yìí, Àrò. A ti sọ orúkọ ibẹ̀ di èébú. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi àwa tá à ń bú ara wa yìí pé ta ni ọ̀gá ibẹ̀ nígbà tí àwọn dókítà ilẹ̀ òkèèrè ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá wò ó, ọ̀pọ̀ ò ní mọ̀. Thomas Adéoyè Lambo ni. Ìdí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí ni ìbéèrè kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn: kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí dókítà nígbà tí wọ́n bá fi í jọ̀gá?

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Lambo. Oṣù kẹta ọdún 1923 ni wọ́n bí i. Baptist Boys' High School tó wà nílùú náà ló lọ, kó tó kọjá sí Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba fúngbà díẹ̀, ló bá tún gba London lọ láti kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ. Òun ni wọ́n kà sí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ irú ìmọ̀ yẹn nílé ìwé òyìnbó.

Ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Yábàá ti wà láti 1907, ṣùgbọ́n ibi ìfipamọ́ ni ju ibi ìwòsàn lọ. Ní Lántòrò, l'Abẹ́òkúta, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n kó àwọn sójà tó ti ogun Hitler dé tí ọpọlọ wọn ò dá ṣáṣá mọ́ sí. Ẹni tí kò bá sí nínú ìwọ̀nyí, ó lè jẹ́ pé sẹ́kẹ́sẹkẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ilé kan.

Ọdún 1954 ni wọ́n fi Lambo ṣe ọ̀gá ilé ìwòsàn tuntun tí ìjọba ń kọ́ sí Àrò. Ilé náà ò tíì parí. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni ì bá jókòó sí ọ́fíìsì, kó máa kọ lẹ́tà sí ìjọba n'Ìbàdàn, kó máa retí kọngílá. Lambo tọ àwọn ará abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn náà lọ. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gbà pé àwọn á fi yàrá sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn láti máa gbé láàárín wọn.

Bí ètò náà ṣe lọ nìyí. Aláìsàn ò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ìbátan rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, ẹni tó máa se oúnjẹ fún un, tó máa fọ aṣọ rẹ̀, tó máa mú un lọ sílé ìwòsàn láàárọ̀, tó sì máa mú un padà sábúlé lọ́sàn-án. Ará abúlé ń gba owó ilé. Ẹni tí yàrá rẹ̀ ò tó, ilé ìwòsàn yá a lówó láti fi kọ́ kún un. Wọ́n fa omi ẹ̀rọ wọ abúlé, wọ́n ń lé ẹ̀fọn, wọ́n ń rí sí ìmọ́tótó. Bó ṣe di pé abúlé ń jàǹfààní lára aláìsàn nìyẹn, tí aláìsàn náà sì ń jàǹfààní lára abúlé.

Ó tún ṣe ohun kan tí kì í ṣe gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gba tiẹ̀. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá òun ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé ó da ìwé òyìnbó nù o. Abẹ́rẹ́ ń bẹ, oògùn ń bẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí aláìsàn bá sọ pé àwọn ará ilé òun ló fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun, oníṣègùn mọ irú ìbẹ̀rù tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn. Lambo rí i pé dókítà tí kò bá gbọ́ ohun tí aláìsàn ń sọ, bó ti wù kó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀ rèé. Ọ̀gá lọkùnrin yìí. Ó ní fáìlì, ó ní òṣìṣẹ́ tó ń retí owó oṣù, ó ní ìjọba tó ń béèrè ìṣirò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fi ipò ọ̀gá náà ṣe: owó tí wọ́n yá ará abúlé, omi ẹ̀rọ, ètò àlọ àti àbọ̀ lójoojúmọ́. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni gbogbo ìwọ̀nyẹn. Ìtọ́jú aláìsàn náà sì ni.

Ní 1961, àwọn onímọ̀ àìsàn ọpọlọ láti ibi púpọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà àti lókè òkun pé jọ s'Abẹ́òkúta fún ìpàdé. Láàárín àkókò yẹn náà ni òun àti Alexander Leighton láti yunifásítì Cornell l'Amẹ́ríkà kó àwọn òṣìṣẹ́ jáde lọ sáàárín ìlú àti abúlé ilẹ̀ Ẹ̀gbá, wọ́n ń wá àwọn tí ìdààmú ọkàn ń bá fínra tí wọn ò tíì tẹsẹ̀ bọ ilé ìwòsàn rí. Ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1963.

Lẹ́yìn náà ni oyè bẹ̀rẹ̀ sí í gorí oyè. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, ó di gíwá ibẹ̀ ní 1968. Ìtàn ò dùn délẹ̀ níbí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ìwọ́de lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ẹni tó ń bójú tó o. Ọlọ́pàá wọlé, ìbọn dún, Kúnlé Adépéjú, akẹ́kọ̀ọ́, kú. Mi ò ní gbé ikú yẹn ka orí ẹnì kan ṣoṣo. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní Àrò, kò fi bẹ́ẹ̀ sí nǹkan láàárín Lambo àti ẹni tó ń ráhùn. Nípò gíwá, ìgbìmọ̀ wà láàárín, akọ̀wé wà láàárín, géètì wà láàárín. Bó bá lè rí bẹ́ẹ̀ fún Lambo, ta ni kò lè rí bẹ́ẹ̀ fún?

Lọ́dún 1971 yẹn náà ló gba Geneva lọ, sí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO. Láti 1973 títí di 1988, òun ni igbákejì ọ̀gá àgbà níbẹ̀. Kò tún sí aláìsàn níwájú rẹ̀ mọ́, ìwé ló kù. Síbẹ̀, nígbà tí àjọ náà àti àwọn orílẹ̀-èdè ayé pàdé ní Alma-Ata ní 1978, tí wọ́n gbà pé ó yẹ kí ìtọ́jú máa bá àwọn èèyàn níbi tí wọ́n ń gbé, kí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì ní àyè tiwọn nínú rẹ̀, ẹni tó bá ti mọ Àrò máa mọ̀ pé nǹkan tí wọ́n ti dán wò lẹ́bàá Abẹ́òkúta nìyẹn. Ó kú ní oṣù kẹta 2004, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún 81. Ilé ìwòsàn Àrò ṣì wà, ṣùgbọ́n ètò abúlé náà ò rí bíi ti ìgbà rẹ̀ mọ́.

Èmi náà ti bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sílé ìwòsàn ìjọba kan. Aago méje àárọ̀ la débẹ̀, ọ̀sán pọ́n ká tó rí dókítà. Láàárín kan, ọkọ̀ ọ̀gá wọlé, gbogbo èrò sún sẹ́yìn fún un, ó kọjá lọ sẹ́yìn ilé. Mo mọ ohun tí ẹnì kan máa sọ: ta ló máa wá owó díísù, ta ló máa bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ oògùn àti owó oṣù, bí ọ̀gá bá jókòó ti aláìsàn? Òótọ́ ni. Àwọn ọ̀gá kan sì wà tí wọn ò fi kílíníìkì wọn sílẹ̀, mo kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí kò bá tò lórí ìlà yẹn, tí kò sì jókòó sí ìdí tábìlì tí ìlà náà ń lọ, kò lè mọ̀ pé ìlà ọ̀hún ń pa èèyàn. Fáìlì ò ní sọ fún un.

Mi ò ní kí ọ̀gá máa ṣiṣẹ́ abẹ lójoojúmọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kí aláìsàn máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kó bi ara rẹ̀ pé: lára àwọn tí mo rí lónìí, mélòó ni mo mọ orúkọ wọn?