Olóògbé Mallam Ibrahim Imam, Ọmọ Yerwa Tí Ó Bèèrè Ìpínlẹ̀

Kò yẹ kí àwa ọmọ Yorùbá tí a fi Maiduguri ṣe ilé máa jẹ nínú ọlá ìlú yìí, kí a má sì mọ àwọn tí wọ́n jà kí ó tó ní ọlá náà. Ìdí nìyí tí a fi ya ojú ewé yìí sọ́tọ̀ fún olóògbé Mallam Ibrahim Imam.

Ọdún 1916 ni a bí i, ọmọ Kànúrí ni. Ó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Katsina, níbi tí ọ̀pọ̀ aṣáájú Òkè Ọya ti jáde, ó sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ N.A. ti Borno. Nígbà tí òṣèlú dé, ẹgbẹ́ N.P.C. fi í ṣe akọ̀wé àgbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹun jẹ́jẹ́ ìbá jókòó síbẹ̀. Mallam kò jókòó. Ó kúrò, ó sì di aṣáájú Borno Youth Movement, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954.

Kí ni ó ń bí i nínú? Ní 1954 yìí kan náà ni òfin tuntun sọ Nàìjíríà di ìjọba àpapọ̀ ẹlẹ́kùn mẹ́ta. Ẹkùn Àríwá nìkan fẹ̀ ju Ìwọ̀ Oòrùn àti Ìlà Oòrùn lápapọ̀ lọ, Kaduna sì ni àṣẹ gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Ọkọ̀ ojú irin kò dé Maiduguri títí di 1964. Ẹni tí ó bá ní ọ̀ràn ní Kaduna, lọ́rì ni yóò kọ́kọ́ wọ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì ju ti ọ̀nà jíjìn lọ. Borno ní Shehu tirẹ̀, ìjọba rẹ̀ sì ti gbó kí jíhàádì Usman dan Fodio tó bẹ̀rẹ̀ ní 1804. El-Kanemi lé àwọn ajagun náà padà, Borno kò sì sin Sokoto rí. Àwa tí a mọ bí Ìjẹ̀bú àti Ìbàdàn ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nípa ara wọn, irú èyí kò ní ṣòro yé wa.

Ní 1956, Mallam wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Kaduna láti Yerwa. Ohun tí ó ń bèèrè ni pé kí a gé ìpínlẹ̀ Àríwá Ìlà Oòrùn kúrò lára Ẹkùn Àríwá. Ẹgbẹ́ rẹ̀ bá NEPU ti Mallam Aminu Kano rìn ná, kí ó tó yà sọ́dọ̀ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1958. Lójú tiwa, kì í ṣe ìfẹ́ ojú lásán: àwọn Ọlọ́pẹ náà fẹ́ kí Ìlọrin àti Kàbà darapọ̀ mọ́ àwọn ìbátan wọn ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ìgbìmọ̀ tí Sir Henry Willink darí gbọ́ ẹ̀dùn àwọn ẹ̀yà kéékèèké, ṣùgbọ́n ìròyìn rẹ̀ ní 1958 kò fọwọ́ sí dídá ìpínlẹ̀ tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì rọrùn láti jẹ́ alátakò nílé: N.A. ló ni dógarì, òun ló ni kóòtù, òun ló sì ń gba owó orí.

Ìbò 1961 ni a kò lè gbàgbé. Mallam, Kànúrí àti Mùsùlùmí, wọlé láti ilẹ̀ Tiv lọ́hùn-ún, nínú àjọṣe Ọlọ́pẹ àti ẹgbẹ́ U.M.B.C. ti Joseph Tarka. Àwọn Tiv kò bá a tan, èdè wọn kò sì pọ̀. Ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ Kaduna ni òun náà ń bèèrè.

Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967, Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12, Maiduguri sì di olú ìlú Àríwá Ìlà Oòrùn. Ní 1976 Borno dá dúró. Mallam fojú rí méjèèjì kí ó tó jáde láyé ní 1980. Ilé iṣẹ́ ìjọba kún ìlú, yunifásítì dé ní 1975, iṣẹ́ sì wà fún onílé àti àlejò.

Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí Mallam bèèrè kọ́ ni ó rí gbà. Àwọn ẹkùn àtijọ́ lágbára: wọ́n ní ìwé òfin tiwọn, wọ́n ń ta irè oko wọn, wọ́n sì ń mú púpọ̀ nínú owó tí ó ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Àṣẹ ológun ni ó dá àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyí, Èkó ni owó wọn sì ti ń wá. Borno bọ́ lọ́wọ́ Kaduna, ó bọ́ sọ́wọ́ Èkó. Títí di òní, kọmíṣánnà ètò ìṣúná Borno, bíi ti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, ní láti bá wọn pé jọ ní Abuja lóṣooṣù níbi tí a ti ń pín owó.