Sheikh Abdullahi Ọmọ Fodio: Onímọ̀ Tí Ó Ṣírò Ara Rẹ̀

 

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin àáfà wa, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí a fẹ́ bá yín sọ ní ọdún yìí ni ọ̀rọ̀ ìṣírò ara ẹni, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní muhasaba. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ènìyàn jókòó, kí ó bi ọkàn rẹ̀ léèrè ohun tí ó ń wá nínú iṣẹ́ tí ó ń ṣe, gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò ti ń ṣírò èrè àti àdánù nígbà tí ọjà bá tú. Àwọn bàbá wa náà mọ̀ ọ́n. Òun ni wọ́n ń wí nígbà tí wọ́n bá ní kí á fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò. Ní Bàgídádì, onímọ̀ kan wà tí í jẹ́ Harith, tí ó kú ní ọdún 857. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi sọ ọ́ ní al-Muhasibi. Ní ìlú kan náà, ní ọdún 1095, Imam al-Ghazali fi ipò olùkọ́ ńlá sílẹ̀ nígbà tí ó wo ọkàn rẹ̀, tí ó rí i pé òkìkí ni òun ń wá nínú ẹ̀kọ́ tí òun ń kọ́ àwọn ènìyàn.

Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ dúró sí Bàgídádì. Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sheikh Abdullahi ọmọ Fodio ni, àbúrò Sheikh Usman ọmọ Fodio. Púpọ̀ nínú wa ni ó mọ ẹ̀gbọ́n, a kò fi bẹ́ẹ̀ mọ àbúrò. Bẹ́ẹ̀ sì ni Gwandu tí Abdullahi fi ṣe ibùjókòó ni Ìlọrin wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, Ìlọrin tí ọ̀pọ̀ àáfà àtijọ́ ilẹ̀ Yorùbá ti lọ gba ìmọ̀.

Nǹkan bí ọdún 1766 ni a bí Abdullahi, ní ilẹ̀ Gobir lókè Ọya. Inú ilé ìmọ̀ ni a bí i sí. Bàbá rẹ̀, Muhammad Fodio, ni ó kọ́ ọ ní Àlùkùránì. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó fi nǹkan bí ọdún 12 jù ú lọ, kọ́ ọ ní tawhid, nahw, fiqh àti tafsir. Ó tún lọ sọ́dọ̀ àwọn àáfà mìíràn. Nígbà tí ó yá, ó kọ ìwé kan tí ó fi ka orúkọ àwọn olùkọ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kí oore wọn má baà di ìgbàgbé. Ìmọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ débi pé wọ́n ń pè é ní Nadirat al-Zaman, èyí ni pé ẹni tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní ìgbà rẹ̀.

Nígbà tí ọba Gobir fúngun mọ́ Sheikh Usman àti ìjọ rẹ̀, wọ́n ṣe hijira láti Degel lọ sí Gudu ní ọdún 1804. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi Sheikh Usman ṣe olórí àwọn olùgbàgbọ́ òdodo. Abdullahi ni ó kọ́kọ́ na ọwọ́ ṣe àdéhùn fún un. Òun náà ni ó ṣíwájú ogun ní Tabkin Kwatto ní ọdún kan náà, tí wọ́n sì ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Gobir. Báyìí ni onímọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ wàláà àti tàdáwà ṣe di ọ̀gágun.

Bí ogun ti ń pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìkógun ń wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹni rere tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ni ó ti kú sójú ogun. Nínú àwọn tí ó kù, Abdullahi rí àwọn tí ń du oyè, tí ń kó aṣọ olówó iyebíye jọ, tí ń gun ẹṣin fún fáàrí, tí ń gba rìbá. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ bá àwọn ọba Hausa jà ni ó ń rí láàárín àwọn tirẹ̀. Ní ọdún 1807, nígbà tí ogun ń lọ sí Alkalawa, olú-ìlú Gobir, ó yà kúrò lójú ọ̀nà pẹ̀lú ènìyàn díẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí ogun, ó dojú kọ Mẹ́kà.

Ọ̀nà náà gbé e dé Kánò. Àwọn tí ó ṣẹ́gun níbẹ̀ ti ń bá ara wọn jà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró, kí ó kọ́ wọn bí a ti ń fi òfin Ọlọ́hun ṣàkóso ìlú. Ó dúró, ó túmọ̀ Àlùkùránì fún wọn, ó sì kọ ìwé Diya al-Hukkam nítorí wọn, lórí ohun tí ó tọ́ kí olórí máa ṣe. Kò dé Mẹ́kà mọ́. Ó padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní ọdún 1808 ni Alkalawa ṣubú.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí. Abdullahi kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìtàn bí ó ti lọ àti bí ó ti padà sínú ìwé rẹ̀, Tazyin al-Waraqat, tí ó parí ní ọdún 1813, tí a sì tẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní ọdún 1963. Lójú tiwa, kíkúrò lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe àìdáa kò tíì tó ìṣírò ara ẹni. Aburú tí Abdullahi sá fún ní ojú ogun ti ṣíwájú rẹ̀ dé Kánò. Ohun tí ó kù tí ó lè ṣe ni kí ó wo ohun tí ó wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Ìmọ̀ àti kálámù ni ó wà níbẹ̀, ó sì fi wọ́n ṣiṣẹ́.

Èyí tí ó le jù ṣì ń bọ̀. Ní ọdún 1812, Sheikh Usman pín àkóso ilẹ̀ náà sí méjì: ó fi ìlà-oòrùn lé ọmọ rẹ̀ Muhammad Bello lọ́wọ́, ó fi ìwọ̀-oòrùn lé Abdullahi lọ́wọ́. Nígbà tí Sheikh Usman kú ní Ṣókótó ní ọdún 1817, Abdullahi gbéra lọ síbẹ̀. Àgbà ni, onímọ̀ ni, òun sì ni ó kọ́kọ́ ṣe àdéhùn ní Gudu. Ṣùgbọ́n ó bá ẹnu ibodè ní títì. Wọ́n ti fi Bello jẹ olórí. Abdullahi padà sí Gwandu. Kò gbé ogun ti Bello, ṣùgbọ́n àárín wọn kò gún fún ọdún díẹ̀.

Nígbà tí ó yá, àwọn ará Kalambaina, nítòsí Gwandu, ṣọ̀tẹ̀. Abdullahi dó tì wọ́n títí, apá rẹ̀ kò ká wọn. Bello kó ogun wá ràn án lọ́wọ́, ìlú náà sì ṣubú. Ìtàn sọ pé orí ẹṣin ni àwọn méjèèjì ti pàdé lẹ́yìn ogun. Bello fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, nítorí pé ọmọ ni. Abdullahi ṣe àmì sí i pé kí ó má sọ̀, òun tí í ṣe àgbà ni ó sì tẹrí ba, tí ó kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí àwọn olùgbàgbọ́ òdodo. Ọjọ́ náà ni ìjà wọn parí.

Ẹ wo ọ̀nà méjèèjì yìí. Ní 1807, àṣìṣe ẹlòmíràn ni ó lé e jáde. Ní Kalambaina, kò sí ẹni tí ó fi ipá tẹ orí rẹ̀ ba. Ọkàn rẹ̀ ni ó bá jà, ó sì borí rẹ̀.

Iṣẹ́ ìmọ̀ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi dàgbà. Ó fi ìwé tafsir ńlá sílẹ̀, Diya al-Tawil. Ó fi al-Hisn al-Rasin sílẹ̀ lórí bí ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ti ń yí padà. Àti àwọn ìwé mìíràn lórí ìjọba àti ìwà. Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni ó kú, wọ́n sì sin ín sí Gwandu.

Àwa tí a ń kọ́ni ní kéwú ní Kúta níhìn-ín, kí ni ìtàn yìí bá wa wí? Ọ̀pọ̀ ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá ni oyè Lèmọ́mù ti dá ìjà sílẹ̀, tí àwọn tí wọ́n jọ gba ìmọ̀ nídìí wàláà kan kò jọ kí irun nínú sàfù kan mọ́. Ẹ jẹ́ kí á fi ara wa ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ kan tí a kọ́ ní alífà padà dé láti ibi tí ó ti lọ kàwé sí i, wọ́n sì ní kí ó ṣíwájú irun níbi tí àwa wà. Inú wa kò dùn. Nígbà tí a délé tí a bi ara wa ní ìdí rẹ̀, a kò rí àlébù kankan nínú kíké rẹ̀. Inú tiwa ni àlébù wà. Ní Jímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, a lọ kí i.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tó sùn lálaalẹ́, ẹ máa ṣí ìwé ọkàn yín wò. Bí ẹ bá rí àṣìṣe ẹlòmíràn nìkan níbẹ̀, ẹ tún un kà.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ Sheikh Abdullahi ọmọ Fodio, kí Ó fi ìmọ̀ wa ṣe wá ní àǹfààní, kí Ó má fi wá lé ọkàn wa lọ́wọ́. Àmín.