Herbert Macaulay: Awọnlẹ̀ tó fi ìmọ̀ rẹ̀ jà fún ilẹ̀ àwọn ará Èkó

Nígbà tí ènìyàn bá dárúkọ Herbert Macaulay, òṣèlú ló kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n a rántí irunmú rẹ̀ tó gùn, ẹgbẹ́ òṣèlú tó dá sílẹ̀, àti àwòrán rẹ̀ tó wà lára owó náírà kan nígbà kan rí. Ṣùgbọ́n kí ó tó di olóṣèlú, awọnlẹ̀ ni, iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń pè ní sọ́féyọ̀ lónìí. Ìdí iṣẹ́ yìí ló ti mọ bí ilẹ̀ ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ onílẹ̀.

Ọmọ ọ̀gá ilé ìwé

Ọjọ́ 14, oṣù Kọkànlá, ọdún 1864 ni wọ́n bí i ní Èkó, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà. Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ni ìyá rẹ̀. Sàró ni bàbá rẹ̀, Àlùfáà Thomas Babington Macaulay. Òun ló ṣí ilé ìwé CMS Grammar School ní Èkó lọ́dún 1859, ilé ìwé girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí.

Ìṣirò, jiọ́mẹ́tìrì àti jọ́gíráfì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀, pẹ̀lú èdè Látíìnì àti Gíríkì. Herbert náà lọ sí ilé ìwé yìí, ṣùgbọ́n kò tíì pé ọmọ ọdún 14 nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1878.

Ní ọdún 1881, ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde, níbi tí ìwé ilẹ̀ ìjọba ti ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tó di ọdún 1890, ìjọba rán an lọ sí Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ìmọ̀ ìwọnlẹ̀ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Agbára tó wà nínú ìwọ̀n

Iṣẹ́ awọnlẹ̀ nígbà náà kò ju ẹ̀wọ̀n irin, èèkàn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo igun, àti ìṣirò lọ. Awọnlẹ̀ á fi ẹ̀wọ̀n wọn ìlà kan dáadáa. Á dúró ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, á wo igi kan lókèèrè, á sì kọ ìwọ̀n igun tó rí sílẹ̀. Ìlà kan àti igun méjì yìí ti tó láti mọ bí igi náà ṣe jìnnà sí, kódà bó bá wà ní òdìkejì ọ̀sà.

Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa so igun mẹ́ta mọ́ igun mẹ́ta títí gbogbo ìlú yóò fi wà lórí ìwé. Ìwé yìí kì í sì í ṣe àwòrán lásán. Òun ni ìjọba àti ilé ẹjọ́ ń wò láti mọ ibi tí ààlà wà àti bí ilẹ̀ ṣe tóbi tó.

Nígbà tí Macaulay padà sílé ní ọdún 1893, ìjọba fi í ṣe awọnlẹ̀ fún ilẹ̀ ìjọba ní Èkó. Owó tí wọ́n ń san fún un kò tó ti àwọn òyìnbó. Ní ọdún 1898, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó dá iṣẹ́ ti ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wọn ilẹ̀, ó sì ń ya àwòrán ilé fún àwọn ará ìlú.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Àpápá

Ní ọdún 1913, ìjọba gba ilẹ̀ tó lé ní eékà 200 ní Àpápá. Olóyè Amodu Tijani, tó jẹ́ Olúwa, ọ̀kan lára àwọn olóyè onífìlà funfun, béèrè owó ilẹ̀ náà. Ilé ẹjọ́ ní Èkó sọ pé àṣẹ àbójútó nìkan ló ní, kì í ṣe olówó ilẹ̀.

Ní ọdún 1920, Macaulay bá Olúwa lọ sí London gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀. Ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó sì sọ níbẹ̀ nípa ipò ọba náà bí ìjọba nínú gidigidi.

Ní oṣù Keje, ọdún 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council dá ẹjọ́ pé ti gbogbo àwùjọ ni ilẹ̀ náà, ó sì yẹ kí ìjọba san owó rẹ̀ bí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ onílẹ̀. Àwọn adájọ́ ṣì ń tọ́ka sí ẹjọ́ yìí. Wọ́n lò ó ní Ọsirélíà ní ọdún 1992, nínú ẹjọ́ Mabo lórí ilẹ̀ àwọn onílùú.

Macaulay náà ní àbùkù tirẹ̀. Wọ́n fi í sẹ́wọ̀n ní ọdún 1913 lórí ọ̀rọ̀ owó ogún tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, wọ́n sì tún fi í sẹ́wọ̀n ní ọdún 1928. Nítorí èyí, kò lè du ipò ìbò fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀ ní 1923, ó sì di ààrẹ NCNC ní 1944. Ọjọ́ 7, oṣù Karùn-ún, ọdún 1946 ló jáde láyé.

Láti ẹ̀wọ̀n irin dé sátẹ́láìtì

Lónìí, sátẹ́láìtì ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n irin ṣe. Ilé Ifẹ̀ ni ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfuurufú kan ti wà láti ọdún 1998. Ọdún 2003 ni Nàìjíríà fi NigeriaSat-1, tó ń ya àwòrán ilẹ̀, ránṣẹ́ sí òfuurufú. Fóònù inú àpò náà ń fi bí sátẹ́láìtì mẹ́rin, ó kéré tán, ṣe jìnnà sí i mọ ibi tó wà. Ìbátan ìṣirò tí Macaulay lò ni.

Kíka máàpù ṣì wà nínú ìdánwò jọ́gíráfì ti WAEC, àmọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé torí máàkì nìkan ni. Láti Àpápá títí dé agbègbè ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Yopougon, Abidjan, orí ìwé ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń pín ilẹ̀ kí katakata tó dé. Ọmọ tó bá lè ka ìwé náà ni yóò tètè mọ̀ bí ààlà bàbá rẹ̀ bá yẹ̀.