Ògèdèǹgbé Agbógungbórò àti Ohun Tí Ìbọn Ń Jẹ

Ẹni tí ó bá dúró ní etí omi Ìlàjẹ ní Bàrígà, níbi tí ilé àwọn apẹja ti bá ọ̀sà pàdé, tí ó sì kọjú sí ìlà-oòrùn, ojú ọ̀nà àtijọ́ kan ni ó ń wò. Lónìí, afárá Third Mainland, tí wọ́n parí ní 1990, ni ó gba iwájú ibẹ̀ kọjá, ariwo ọkọ̀ kì í sì í dá lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ogóje ọdún sẹ́yìn, lórí ọ̀sà kan náà yìí, àwọn atukọ̀ a máa ti Èkó lọ sí ilẹ̀ Ìlàjẹ gan-an, ilẹ̀ àwọn ènìyàn tí àdúgbò etí omi Ṣómólú àti Bàrígà yìí ń jẹ́ orúkọ wọn. Iyọ̀ àti aṣọ wà nínú ẹrù wọn. Ẹ̀tù, ọta àti ìbọn náà wà níbẹ̀. Ẹnìkan tí ó ń retí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ní òkè réré ni Ògèdèǹgbé, akọni Ìjẹ̀ṣà. Nígbà tí a bá ń ròyìn ayé rẹ̀, agbára apá àti oògùn ni ẹnu sábà máa ń mẹ́nu bà. Ohun tí ìbọn ń jẹ kì í sábà wọ inú ìtàn, bẹ́ẹ̀ òun ni ó pín ogun ńlá rẹ̀ sí méjì.

Àtòrìn, ìlú kan ní àgbègbè Iléṣà, ni wọ́n ti bí i, nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rìṣàráyíbí ni orúkọ rẹ̀. Ọwọ́ ogun Ìbàdàn tẹ̀ ẹ́, wọ́n mú un lọ sí ìlú wọn, wọ́n sì kọ ilà tiwọn sí i lójú. Ìgbèkùn ni ó bá lọ, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ni ó bá a níbẹ̀, nítorí Ìbàdàn ìgbà náà kò ní ẹlẹgbẹ́ nínú iṣẹ́ ogun ní ilẹ̀ Yorùbá. Bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ogun, bí wọ́n ṣe ń pa ibùdó, àti bí wọ́n ṣe ń lo ìbọn, gbogbo rẹ̀ ni ó fi ojú rí, tí ó sì fi ọwọ́ kọ́, kí ó tó padà sí ilé.

Ìbọn shakabùlà ni ìbọn ìgbà náà, òun kan náà sì ni ọdẹ ń gbé wọ igbó. Ẹ̀kọ́ kan ni jagunjagun àti ọdẹ jọ ń kọ́ lára rẹ̀. Àwọn ọdẹ ni wọ́n sì sábà máa ń ṣáájú ogun, nítorí pé ọwọ́ wọn ti mọ́ ìbọn kí ogun tó dé. Láti ẹnu ni a ti ń kì í. Ẹ̀tù ni yóò kọ́kọ́ wọlé. A ó fi ìhá ẹ̀yìn tàbí àkísà dí i. Ọta yóò tẹ̀ lé e. A ó tún fi nǹkan dí i kí ó má baà yọ́ jáde. Ọ̀pá ni a fi ń gún gbogbo rẹ̀ títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ara wọn. Bí àlàfo bá wà láàárín ẹ̀tù àti ọta, agbára iná lè gba ẹ̀gbẹ́ ìbọn jáde, kí ó sì ba ọwọ́ tàbí ojú ẹni tí ó yìn ín jẹ́.

Ẹ̀tù gan-an kì í ṣe oríṣi kan. Èédú, imí-ọjọ́ àti irú iyọ̀ kan tí ń ran iná lọ́wọ́ ni a fi ń pò ó, láti etí òkun sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Èyí tí hóró rẹ̀ tóbi a máa jó díẹ̀díẹ̀, ó sì bá ìbọn gígùn àti ọta wúwo mu. Èyí tí ó kúnná a máa gbiná lójijì. Òun ni a ń bù sí àwo kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, kí iná tí òkúta apátí ta lè tètè mú un. Ẹni tí ó bá rọ èyí tí ó kúnná sínú ìbọn ní ìwọ̀n tí ó yẹ kí ó rọ èyí tí ó tóbi, ikú ara rẹ̀ ni ó ń kì. Bí òjò tàbí ìrì bá sì kan ẹ̀tù, irin lásán ni ó kù lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ìdí nìyí tí àdó ẹ̀tù kì í fi í jìnnà sí ara ọdẹ, tí ìdérí rẹ̀ kì í sì í dẹ̀.

Ní ti ọta, òjé ni ó dára jù, nítorí pé ó rọ̀, ìwúwo rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwúwo irin kan àbọ̀. Ṣùgbọ́n òjé kò wọ́pọ̀. Irin ni àwọn alágbẹ̀dẹ ń gé, tí wọ́n sì ń lù fún ọta, bí wọ́n bá sì ti lù ú tó, igun kì í tán lára rẹ̀. Irú ọta bẹ́ẹ̀ kì í ba inú ìbọn gún dọ́ba; a máa yí gbiri bí ó bá jáde, agbára rẹ̀ a sì tètè tán. Nítorí náà, sísúnmọ́ ẹran ni ọgbọ́n ọdẹ. Fún àparò, ọta wẹ́wẹ́ púpọ̀ ni yóò kì. Fún àgbọ̀nrín, ìwọ̀nba èyí tí ó tóbi díẹ̀. Fún ẹfọ̀n tàbí erin, ẹyọ kan tí ó wúwo. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ọdẹ ti máa ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé bí ọta bá wúwo sí i, ẹ̀tù gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Ìwúwo ọta fúnra rẹ̀ ti há iná mọ́ inú ìbọn. Bí a bá tún fi ẹ̀tù kún un, ìbọn lè bẹ́. Àgbà ọdẹ a dín ọ̀kan kí ó tó fi èkejì kún un, a sì dán ìbọn rẹ̀ wò kí ó tó wọ igbó.

Nínú ogun, àyè irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò sí. Àwọn ọmọ ogun a máa bu ẹ̀tù lọ́wọ́, wọn a rọ ọ́ wọlé, wọn a gbé ìbọn sí ìgbáròkó, wọn a sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó yìn ín, nítorí ìbẹ̀rù kí ó má bẹ́ lù wọ́n. Bí àwọn kan bá yìn tán, wọn a padà sẹ́yìn lọ kì, àwọn mìíràn a sì gba ipò wọn. Bí Ògèdèǹgbé ṣe bá ogun nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì ṣe jà á fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní 1870, Ìbàdàn kó Iléṣà. Ògèdèǹgbé bọ́ lọ sí ìhà Èkìtì àti Àkókó, ó kó ogun tirẹ̀ jọ, ó sì fi Ìta-Ògbólú, nítòsí Àkúrẹ́, ṣe ibùjókòó. Nígbà tí Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní 1878, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì para pọ̀ láti kọ ìyà, Ògèdèǹgbé kò tètè dá sí i. Ó ṣe díẹ̀ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé, òun ni wọ́n fi ṣe olórí ogun. Àwọn Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé, Ìbàdàn pàgọ́ sí ìhà Ìgbájọ, àfonífojì sì wà láàárín wọn. Ìró ohun ìjà tí ń kù láti orí òkè kan sí èkejì ni a fi sọ ogun náà ní Kírìjì.

Shakabùlà dojú kọ shakabùlà, ìhà kan kò sì lè borí èkejì. Ibi tí ọ̀nà Èkó ti wọ inú ìtàn nìyí. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n wà ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn ti oko ẹrú dé, dá Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀. Ara wọn ni Frederick Haastrup, oníṣòwò tí ó wá jọba Iléṣà ní 1896. Wọ́n dáwó, wọ́n sì ra ìbọn irú tuntun, àwọn tí à ń pè ní Snider àti Martini-Henry. Ìdí ni a ti ń ki ìwọ̀nyí. Ẹ̀tù àti ọta òjé ti wà pọ̀ nínú kátíríìjì kan, ìwọ̀n wọn sì ti pé láti ilé iṣẹ́. Inú wọn ní ìlà wíwọ́ tí ń mú ọta pòyì lọ tààrà. Kí onishakabùlà tó ki ẹ̀ẹ̀kan, onísnider ti yìn lọ́pọ̀ ìgbà, láti ibi tí ọta irin kò lè dé.

Báwo ni wọn yóò ṣe gbé ẹrù yìí dé òkè? Ọ̀nà tí ó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú kọjá kò dá wọn lójú. Ṣùgbọ́n Gómìnà Glover ti la ọ̀nà Oǹdó ní 1872: ọkọ̀ ojú omi láti Èkó, lórí ọ̀sà, wọ inú omi Ìlàjẹ, lẹ́yìn náà kí a fi ẹsẹ̀ rìn gba Oǹdó lọ sí Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀nà omi yìí ni ọ̀nà ọ̀fun ogun náà. Ìpalára dé bá Ìbàdàn púpọ̀. Wọ́n ní láti máa sá pamọ́ sẹ́yìn iyẹ̀pẹ̀ àti nínú yàrà, àwọn pẹ̀lú sì wá irú ìbọn náà kiri. Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó ní 1885, kò padà délé.

Síbẹ̀, ohun tuntun náà ní ìdè tirẹ̀. Alágbẹ̀dẹ abúlé lè lu ọta shakabùlà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè lu kátíríìjì ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ lórí omi, bí ọ̀nà Oǹdó bá dí, ìbọn olówó iyebíye a di ọ̀pá. Òwe àwọn àgbà pé ìbọn tí kò ní apátí pàápàá, kò sí ẹni tí yóò gbà kí a dojú rẹ̀ kọ òun, lè dẹ́rù ba ọ̀tá fún ọjọ́ kan. Kò lè gbé ogun ọdún mẹ́rìndínlógún ró. Ẹni tí ó ń bọ́ ìbọn ni ó ní agbára lórí ẹni tí ó gbé e dání. Ibi tí àwọn kátíríìjì ti ń wá náà ni àwọn onílàjà ti wá nígbẹ̀yìn. Àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips ni Èkó rán níṣẹ́. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 23 oṣù Kẹsàn-án 1886, Gómìnà Carter sì tú ibùdó méjèèjì ká ní 1893.

Ní 1894, Ọ̀gágun Bower mú Ògèdèǹgbé, wọ́n sì fi í sí àhámọ́ ní Ìwó, lórí ẹ̀sùn pé àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń da ìlú láàmú. Ìjọba tí ń ṣàkóso etí òkun níbi tí ọta rẹ̀ ti ń wá ni ó mú un. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ó padà sí Iléṣà, ó joyè Ọ̀bańlá, ó sì gbé ìyókù ayé rẹ̀ ní àlàáfíà títí ó fi kú ní 1910.

Shakabùlà kò tíì kú. Àwọn ọdẹ ṣì ń gbé e kọ́ èjìká, wọ́n sì ń yìn ín síwájú òkú àgbà ọdẹ. Ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà, kí ó tó béèrè iye tí wọ́n ń ta ìbọn, kí ó kọ́kọ́ béèrè iye ẹ̀tù tí ó tó o, irú ọta tí ó bá ẹran mu, àti ibi tí wọ́n yóò ti máa wá. Ògèdèǹgbé fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ẹ̀kọ́ náà ní ẹnu àfonífojì Kírìjì, ọ̀sà tí ó wà níwájú Ìlàjẹ Bàrígà sì jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀.