Sinan Mọlémọlé: Ẹni tí ó Kọ́ Mọ́ṣáláṣí tí Kò Gbàgbé Omi

 

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn Islam, ìtàn àwọn sàábé àti ti àwọn onímọ̀ ńlá ni a sábà máa ń fi ṣe wáàsí nínú oṣù Ramadan yìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á yẹ ìgbésí ayé ẹnì kan wò tí kì í ṣe àáfà, tí kì í sì í ṣe ọba, tí ó jẹ́ pé òkúta àti igi ni ó fi sin Ọlọ́hun. Sinan ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ará Tọ́kì ń pè é ní Mimar Sinan, ìyẹn Sinan Mọlémọlé.

Ọ̀rọ̀ mimar yìí, láti inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá, láti ara amara. Ó túmọ̀ sí kí ènìyàn kọ́ ibì kan. Ó sì tún túmọ̀ sí kí ènìyàn mú kí ibẹ̀ kún, kí ó má di ahoro. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni Ọlọ́hun lò nínú Suuratu Tawba, aaya 18, nígbà tí Ó ń sọ nípa àwọn tí wọ́n ń ṣe ìmárà àwọn mọ́ṣáláṣí Rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣe àlàyé rẹ̀ sí ọ̀nà méjèèjì: fífi ọwọ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí, àti fífi ìjọsìn kún inú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ìtumọ̀ méjì yìí dání, nítorí pé òun ni a ó fi wo ìgbésí ayé ọkùnrin yìí.

Ní nǹkan bí ọdún 1490 ni wọ́n bí Sinan ní abúlé Ağırnas, nítòsí ìlú Kayseri, ní ilẹ̀ Tọ́kì. Ìdílé Kristiẹni ni ó ti wá. Ìjọba Ottoman ni ó ń ṣe àkóso ilẹ̀ náà nígbà náà. Ìdílé ọba yìí kò ṣàjèjì sí wa: nígbà tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó ní ọdún 1894, Sultan Abdul Hamid Kejì, tí í ṣe àrọ́mọdọ́mọ wọn, ni ó fi oyè Bey dá Mohammed Shitta lọ́lá. Ní ayé Sinan, ìjọba náà a máa kó nínú àwọn ọmọkùnrin Kristiẹni kúrò lọ́dọ̀ òbí wọn, wọn a sọ wọ́n di Mùsùlùmí, wọn a kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́, wọn a sì fi wọ́n ṣe ọmọ ogun tàbí ìjòyè. Bí wọ́n ṣe mú Sinan nìyẹn, ní nǹkan bí ọdún 1512.

Kò yẹ kí á fi èyí pamọ́, kò sì yẹ kí á fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ẹ̀sìn wa kò fi ọwọ́ sí ìfipámúni nínú ẹ̀sìn, ìyá tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà sì mọ irú ìrora tí ìyá òde òní yóò mọ̀. Ohun tí ọba fi agbára ṣe, ọba ni yóò jẹ́jọ́ rẹ̀ níwájú Ọlọ́hun. Ohun tí ọmọ tí wọ́n mú fi ayé rẹ̀ ṣe ni àwa fẹ́ kọ́gbọ́n lára rẹ̀.

Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó kọ́kọ́ kọ́. Lẹ́yìn èyí ni ó di ọmọ ogun. Ó wà lójú ogun Belgrade ní 1521, ti Rhodes ní 1522, àti ti Mohács ní ilẹ̀ Họ́ńgárì ní 1526. Níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń wo ìkógun, ògiri, afárá àti òrùlé ni ó ń wò. Nígbà tí ogun gbé wọn dé etí adágún Van, ó kan ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta fún wọn. Ní ọdún 1538, nígbà tí wọ́n dé odò Prut tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹrẹ̀, òun ni ó ṣe afárá tí àwọn ọmọ ogun gbà kọjá. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n fi í ṣe olórí gbogbo àwọn mọlémọlé ọba. Ó sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún akéwì ọ̀rẹ́ rẹ̀, Mustafa Sai, pé ó ṣòro fún òun láti fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun rò ó pé mọ́ṣáláṣí púpọ̀ ni òun yóò kọ́, èrè ayé àti ti ọ̀run sì wà níbẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ó ti tó ẹni 50 ọdún nígbà náà. Gbogbo ohun tí a fi mọ̀ ọ́n lónìí, ẹ̀yìn àádọ́ta ọdún ni ó ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé ọjọ́ ti lọ lórí yín, ẹ fi èyí sí ọkàn.

Ní ọdún 1543, Mehmed ọmọ Sultan Sulaiman kú ní ọ̀dọ́. Ọba ní kí Sinan kọ́ mọ́ṣáláṣí ní Istanbul ní ìrántí ọmọ náà, iṣẹ́ sì parí ní 1548. Òrùlé rìbìtì tí ó dà bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, èyí tí Lárúbáwá ń pè ní qubba, ni ó gbé lé e. Ẹrù qubba kì í tẹ ìsàlẹ̀ nìkan, ó tún máa ń ti ògiri síta, bí a kò bá sì wá nǹkan dá a dúró, ilé yóò là. Sinan fi ìlàjì qubba mẹ́rin tì í ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, títí ẹrù náà fi sọ̀ sórí ilẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Lára Ayasofya, tí àwọn Kristiẹni kọ́ parí ní ọdún 537, ni òun àti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ti rí ẹ̀kọ́ púpọ̀ kọ́. Kò fojú tín-ín-rín ìmọ̀ nítorí ibi tí ó ti wá. Nígbà tí ògiri Ayasofya fẹ́ yẹ̀, Sinan fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n fi òkúta tì í lẹ́yìn.

Láti 1550 sí 1557 ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Sulaimaniyya sórí òkè kan ní Istanbul. Qubba rẹ̀ fẹ̀ ju mítà 26 lọ, ó sì ga tó mítà 53 sílẹ̀. Mùsùlùmí àti Kristiẹni ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń kọ owó iṣẹ́ wọn sínú ìwé, ìwé náà sì wà títí di òní. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yí mọ́ṣáláṣí náà ká ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa: ilé-kéú fún àwọn ọmọdé, madrasa fún àwọn àgbà, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ilé ìwòsàn, ilé ìwẹ̀, ibùsùn fún àwọn arìnrìn-àjò, àti ilé ìdáná tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Imaret ni wọ́n ń pe ilé ìdáná náà, láti ara amara kan náà tí a mẹ́nu bà níṣàájú. Wakfu, ìyẹn dúkìá tí a yà sọ́tọ̀ nítorí ti Ọlọ́hun, ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà gbogbo rẹ̀.

Omi ńkọ́? Ní àárín ọdún wọ̀nyẹn, Sinan ń fa omi láti inú igbó wọ ìlú Istanbul, ó ń kọ́ afárá gíga tí omi ń gba orí rẹ̀ kọjá àfonífojì. Ní 1563, àgbàrá ńlá wó nínú àwọn afárá náà. Kò káwọ́ lérí. Ó tún wọn kọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní Mağlova nínú wọn, tí ó ga ju mítà 30 lọ, dúró síbẹ̀ di òní. Ní 1567 ó parí afárá Büyükçekmece, tí ó gùn ju mítà 600 lọ, fún àwọn arìnrìn-àjò.

Ó ti tó ẹni 80 ọdún nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ṣáláṣí Selimiyya ní ìlú Edirne fún Sultan Selim Kejì, ní 1568. Qubba tí ó fẹ̀ ju mítà 31 lọ ni ó gbé lé òpó mẹ́jọ, ó sì ti àwọn òpó náà sún mọ́ ògiri kí sàfù àwọn olùkírun má baà já. Àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2011. Wọ́n gbà á sílẹ̀ pé Sinan a máa ka mọ́ṣáláṣí Mehmed sí iṣẹ́ ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́, Sulaimaniyya sí iṣẹ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìyọ̀ǹda, Selimiyya sì ni iṣẹ́ ọ̀gá. Ẹni tí ó ń kọ́ ilé fún ọba ṣì ka ara rẹ̀ sí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́!

Ọba mẹ́ta ni ó sìn nípò náà fún nǹkan bí 50 ọdún, iṣẹ́ rẹ̀ sì ju 300 lọ. Ó kú ní 1588. Igun kan lẹ́yìn ògiri Sulaimaniyya ni sàréè rẹ̀ wà. Kò tóbi rárá. Nínú ọ̀rọ̀ tí Mustafa Sai kọ sí i lára, ó dárúkọ afárá Büyükçekmece. Nínú gbogbo iṣẹ́ ńlá wọ̀nyẹn, afárá tí tálákà àti olówó jọ ń gbà kọjá ni wọ́n fi rántí rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ó yẹ kí á bi ara wa léèrè. Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ti dúró níwájú ìjọ lọ́pọ̀ ìgbà láti tọrọ owó qubba àti owó táìlì, ẹ sì dá a. N kò rántí ìgbà tí mo fi ohùn kan náà tọrọ owó kànga, tàbí owó oṣù olùkọ́ ilé-kéú, tàbí oògùn fún aláìsàn tí ó ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ìtumọ̀ kìíní nínú amara ni mo dì mú, mo gbàgbé èkejì. Kì í ṣe pé ẹwà ilé Ọlọ́hun kò dára; Sinan ṣe é lẹ́wà ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n kò fi ẹwà dípò oúnjẹ, kò sì fi gíga dípò omi. Sàráà tí làádá rẹ̀ kì í dúró lẹ́yìn ikú, bí a ti kọ́ wa, ó wà nínú méjèèjì.

Nítorí náà, nínú Ramadan yìí, bí ìjọ yín bá fẹ́ kọ́lé, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí aláwẹ̀ yóò ti rí omi ṣe àlùwàlá àti oúnjẹ ìṣínu. Bí ó bá kù, ẹ gbé qubba lé e.

Kí Ọlọ́hun gba àwẹ̀ wa, kí Ó fi orí jin àwọn òkú wa, kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí mọ́ṣáláṣí wa di ahoro. Aamin.